Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀ ni omi AC

Wọ́n ń pín in kiri pé bí ohun tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ tó ti pẹ́ kò bá ti dúdú, omi AC ni, kí èèyàn máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Irọ́ ni, ó sì léwu.

Omi AC mọ́ gaara, kò lóòórùn, kì í yọ̀ lọ́wọ́. Ìgbà tí a bá lo AC nìkan ló ń jáde. Epo bíréèkì tuntun náà kì í dúdú: ó dà bí oyin tí a fi omi là, ó sì ń yọ̀. Bí ẹ bá rí i nítòsí táyà, tí bíréèkì sì ń rì wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn rárá. Ẹ pe mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀.

Omi rédíétọ̀ aláwọ̀ ewé tàbí pupa máa ń ní òórùn dídùn díẹ̀. Májèlé ni, ẹ má tọ́ ọ wò.

Ẹ tẹ́ páálí sábẹ́ ẹ́ńjìnnì di àárọ̀, kí ẹ wo ibi tó kán sí gan-an. Àwọ̀ nìkan kò tó, torí epo tó bá ti gbó máa ń yí àwọ̀ padà.