Apẹ̀rẹ̀ ò ní parun bí ẹni tó ń hun ún bá ń jẹun yó

Ọdún mẹ́ta ni mo fi ra apẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá kan níbí ní Ẹ̀pẹ́. ₦2,000 ni mo ń rà á, ₦9,000 ni mo ń tà á fún àwọn ará Lẹ́kì. Wọ́n á gbé òdòdó sínú rẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò. Lọ́jọ́ kan bàbá wò mí lójú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, èló lo ń ta apẹ̀rẹ̀ mi lọ́hùn-ún?" Ẹnu mi wúwo, mi ò lè dáhùn. Bàbá ò bínú. Wọ́n tẹ orí ba, wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ náà, torí ìtìjú ni. Wọ́n mú imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n ti gé sílẹ̀, wọ́n fi ọ̀bẹ là á gbọọrọ, wọ́n fá inú rẹ̀ títí ó fi ku awọ ẹ̀yìn tó ń dán. Wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi kó lè rọ̀. Ìdí apẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ hun. Wọ́n ní bí ìdí ò bá jókòó dáadáa, kò sí bí ẹnu ṣe lè gún. Pankẹ́rẹ́ ni wọ́n fi di etí rẹ̀. Ọ̀bẹ ti fa ìlà sí àtàǹpàkò wọn títí ó fi le bí epo igi. Ilẹ̀ ti ṣú kí apẹ̀rẹ̀ kan ṣoṣo tó parí. Ẹ wo ₦2,000 yẹn, kí ẹ yọ owó pankẹ́rẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Pankẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ti jìnnà, torí àbàtà tó ń hù ú ni wọ́n ń da iyanrìn sí láti kọ́lé.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi í dùn mọ́ bí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń pariwo pé àṣà wa ń lọ, àwọn ọ̀dọ́ ò fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ọ̀dọ́ wo ló fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ebi ń pa ọ̀gá rẹ̀? Ọ̀kadà ni ọmọ bàbá yìí ń gùn, mi ò sì bá a wí. Ọ̀kadà ń mówó wọlé lójoojúmọ́. Kí a máa kọ́ ènìyàn níṣẹ́ láìwá owó gidi sí i, fífi apẹ̀rẹ̀ pọnmi ni.

Àwọn kan ti ṣe é tó dára. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994 ní Rwanda, àwọn obìnrin ẹ̀yà Hutu àti ẹ̀yà Tutsi jọ jókòó hun agaseke, apẹ̀rẹ̀ wọn tó ní ọmọrí ṣóńṣó. Nígbà tó di 2005, ilé ìtajà ńlá Macy's ní Amẹ́ríkà ti ń tà á. Apẹ̀rẹ̀ wà lára àmì orílẹ̀-èdè wọn pàápàá. Ti Bolgatanga ní àríwá Gana náà lókìkí, àmọ́ àwọn ará Vietnam ti ń hun àfarawé rẹ̀ tà ní ẹ̀dínwó. Ẹ̀rù ìyẹn ń bà mí fún tiwa.

Àwọn kan tún ní kí a fi kéréètì oníke rọ́pò apẹ̀rẹ̀ tòmátì. Mo gbà, torí tòmátì tó ń bọ̀ láti òkè Ọya máa ń fọ́ kó tó délé. Àmọ́ ṣé ẹnikẹ́ni bi àwọn tó ń hun ún pé kí ni wọn yóò máa jẹ? Ní ti ẹja, ẹ má fi ike rọ́pò apẹ̀rẹ̀ fún wa ní ọjà Olúwo o. Apẹ̀rẹ̀ ń jẹ́ kí omi ara ẹja ro dànù.

Ní báyìí, èmi àti bàbá jọ ń dá iye. Mo ń sọ fún wọn iye tí mo tà á, ìlàjì ibẹ̀ ni tiwọn, mo sì ń san apá kan sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Èrè mi dínkù, òótọ́ ni. Àwọn oníbàárà kan bá mi jà nígbà tí mo fi owó lé e, àwọn mìíràn sì dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í pé ta ló hun ún, èló ló sì kàn án.

Ọmọ bàbá ti ń wá jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ Sunday. Apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ tó hun wà ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹnu rẹ̀ wọ́, àmọ́ bàbá ní kí n má tú u.