Àrùn kíndìnrín kì í ṣe ti ọkùnrin olówó nìkan

Ẹ̀gbọ́n, mo ka ohun tí ẹ kọ pé àrùn kíndìnrín kì í sábà ṣe obìnrin, pé àwọn ọkùnrin olówó tó ń mutí ló ń ṣe. Àwọn ìyá wa l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, ti ń tún un sọ fún ara wọn báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Káàkiri àgbáyé, obìnrin tó ní àrùn kíndìnrín ọlọ́jọ́ pípẹ́ pọ̀ ju ọkùnrin lọ. Ọkùnrin ló pọ̀ jù nídìí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, bóyá ohun tí ẹ rí nìyẹn. Lóòótọ́, kíndìnrín ọkùnrin sábà máa ń yára bàjẹ́ ju ti obìnrin lọ. Ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn kì í rí owó dé ìdí ẹ̀rọ náà. Obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn alààyè tó ń fi kíndìnrín wọn sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ọkùnrin ló ń gbà á jù. Èyí ń dùn mí gan-an.

Ti owó ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ ló ń fa àrùn yìí jù, tálákà kì í sì í tètè yẹ ara wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún náà lè ba kíndìnrín jẹ́. Ẹni tó bá ti dé ìdí ẹ̀rọ, ìgbà 3 lọ́sẹ̀ ló sábà yẹ kí wọ́n máa fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nítorí owó rẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹbí ló ń ta ohun ìní wọn tán kí wọ́n tó jáwọ́ nínú ìtọ́jú náà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ. Ẹ ní kí ìyá yòówù tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lọ yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kódà bí nǹkan kan ò bá dùn ún.