Kí wọ́n tó so oríkèé ẹsẹ̀ yín pọ̀

Ìròyìn yín sọ pé iṣẹ́ abẹ tó ń so oríkèé pọ̀ máa ń dín ìrora ẹsẹ̀ pẹlẹbẹ, ìyẹn ẹsẹ̀ tí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ mọ́lẹ̀, kù fún àgbàlagbà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ò sọ ohun tó máa gbà lọ́wọ́ ẹni. Tí wọ́n bá fi irin so oríkèé mẹ́ta ẹ̀yìn ẹsẹ̀ pọ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ṣì máa lọ sókè sísàlẹ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ò ní lè yí sọ́tùn-ún sósì dáadáa mọ́. Ẹni tó ń gba ọ̀nà olókùúta lójoojúmọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ lèèyàn ò sì ní fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Ti amusìgá tún le jù, torí egungun rẹ̀ kì í tètè so. Ẹ̀yin òǹkàwé, tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì rọ̀, tí oríkèé rẹ̀ kò tíì le gan-an, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun ìtilẹ̀ inú bàtà lọ́wọ́ dókítà ná.