Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́

Ẹni bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹ ti mọ̀ ọ́n, ẹni tí ò sọ pé ebi ń pa òun, wọ́n á gbé àwo kọjá níwájú ẹ̀ ni.

Mọ́ńdè tó kọjá ni mo tẹ̀ lé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjì lọ sí kafé kan lọ́nà Ìwòrókò l'Adó níbí, wọ́n fẹ́ wáṣẹ́. Wọ́n dé ibi tí wọ́n ti ní kéèyàn kọ owó oṣù tó fẹ́. Èyí ọkùnrin tẹ 250,000, ó ń bá tiẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin, tí rìsọ́ọ̀tì ẹ̀ dáa ju tiẹ̀ lọ, tẹ 200,000, ó pa á rẹ́, ó tẹ 150,000, ó tún pa á rẹ́, ó wá kọ "negotiable", ìyẹn ni pé ó ṣeé dúnàádúrà. Mo ní kí ló dé? "Bọ̀dá, kí wọ́n má bàa ní mo lójú kòkòrò ni." Ipò mánájà náà wà níbẹ̀ o, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún 5 ni wọ́n ń wá, ó ní ọdún 4 lòun ṣe, òun ò tó o. Àbúrò ẹ̀ tó ṣe ọdún 2 péré ti fi tiẹ̀ ránṣẹ́ kí n tó yíjú!

Ọmọ yìí kan náà ni kẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba, kẹ́ ẹ wo bó ṣe ń ná iṣu. Á gbé e, á tẹ ìdí ẹ̀ wò, á ṣe bí ẹni ń lọ, ìyá oníṣu á pè é padà, nítorí igba náírà.

Iṣẹ́ ìjọba ní tiẹ̀, lẹ́fẹ́ẹ̀lì 8 ni gírádúéètì ń bẹ̀rẹ̀, ìbáà ṣọkùnrin ìbáà ṣobìnrin. Ibi tí wọ́n bá ti bi ẹ́ pé èló lo fẹ́ ni wàhálà wà, torí ọ̀gá tó bá rí "negotiable", ìsàlẹ̀ pátápátá ló ti máa bẹ̀rẹ̀.

Mi ò ní ẹnu nìkan ló fà á tí owó oṣù obìnrin fi ń kéré sí tọkùnrin o. Claudia Goldin, ará Amẹ́ríkà tó gba ẹ̀bùn Nobel fún ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní 2023, tú àkọsílẹ̀ igba ọdún ilẹ̀ wọn, ó rí i pé láyé ìsinyìí, láàárín àwọn tó jọ ń ṣe iṣẹ́ kan náà gan-an ni ìyàtọ̀ owó náà pọ̀ sí, ìgbà tóbìnrin bá bí àkọ́bí ló sì máa ń fẹjú. Ṣùgbọ́n ọmọ ẹ̀gbọ́n mi yìí ò tíì lọ́kọ ná, bàbá ẹ̀ ti ní kó wá iṣẹ́ tíṣà nítòsí, kó lè ráyè gbọ́ tilé! Tá a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a ò ní rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi á ka èyí, kó má bínú, ṣé school fees obìnrin kéré sí tọkùnrin nígbà tẹ́ ẹ̀ ń san án ni? Ta ló sọ fún àbúrò ẹ̀ pé kó má béèrè jù?

Ìwọ náà, má fi bàbá ẹ bojú. Fráìdé ni wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù yẹn, o ò sì tíì fi í ránṣẹ́. Padà lọ sí kafé, pa ìranù tó o kọ yẹn rẹ́, kọ iye tó o fẹ́, kó o gba ti mánájà mọ́ ọn. Tí wọ́n bá ní ó ti pọ̀ jù, ṣebí o mọ ọjà ná.