Àtúnṣe: UNESCO kọ́ ló ni Igbó Ọ̀ṣun

Wọ́n ń pín in kiri pé UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, gba ilẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun ní Òṣogbo mọ́ ará ìlú lọ́wọ́ lọ́dún 2005, pé igbó lásán ni, kí wọ́n gé e ní púlọ́ọ̀tì tà.

Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Orúkọ igbó náà ni UNESCO kọ mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé. Kò ra ẹsẹ̀ bàtà ilẹ̀ kan. Ìjọba Nàìjíríà ló ti fi òfin dáàbò bo apá kan rẹ̀ láti 1965, wọ́n sì fẹ òfin náà lójú ní 1992 kó lè kárí gbogbo hẹ́kítà 75.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ kí òfin tó dé. Wọ́n gé igi, wọ́n sọ apá kan di oko ìjọba, wọ́n jí ère kó, ọdẹ àti apẹja ya wọ ibi tó jẹ́ èèwọ̀. Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, ló gbógun tì wọ́n, òun àti àwọn bíríkìlà, káfíńtà àti aborìṣà Òṣogbo gan-an. Ọwọ́ wọn ni wọ́n fi mọ àwọn ère ńláńlá tí ẹ ń yà ní fọ́tò.

Ta ni wọ́n wá lé síta? Ẹni tó bá san owó ìwọlé ń wọlé, oníṣẹ̀ṣe ń bọ Ọ̀ṣun níbẹ̀, èrò sì ń ya lọ síbẹ̀ lóṣù kẹjọ ọdọọdún.

Tí ẹ bá fẹ́ bínú, torí omi odò Ọ̀ṣun ni kí ẹ ṣe bínú. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ ọ́ di ẹrẹ̀.