Èrò ọkàn mi: Ó yẹ kí ẹ̀tọ́ wa lórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ inú ìpolongo ìbò ní Èkìtì

Ẹ̀yin ará Èkìtì, mo kí yín. Ẹ̀tọ́ aráàlú lórí íntánẹ́ẹ̀tì ti kọjá ohun tí a lè dá fi sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, ó sì yẹ kí ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa, láti Adó títí dé Ọ̀tùn, dáhùn lórí rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn lórí ọ̀nà àti owó oṣù olùkọ́.

Àwọn kan ti ṣe é níbòmíràn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2006, Rick Falkvinge dá ẹgbẹ́ òṣèlú Pirate sílẹ̀ ní Sweden. Wọ́n ní kí òfin tó de àdàkọ orin, ìwé àti fíìmù má sọ ọ̀dọ́ di ọ̀daràn, kí ìjọba yé ṣọ́ aráàlú lọ́wọ́ lẹ́sẹ̀, kí ìjọba fúnra rẹ̀ sì ṣí ìwé rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 2009, ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ìbò Sweden ló gbé wọn wọ Ilé Aṣòfin Yúróòpù. Irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti dìde ní Jámánì àti ní Czech náà, nígbà tó sì di oṣù kẹrin ọdún 2010, wọ́n péjọ sí Brussels, wọ́n dá àjọ Pirate Parties International sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ACTA ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí irú àjọ bẹ́ẹ̀ fi ṣe pàtàkì. Àdéhùn lòdì sí ayédèrú ọjà ni, tí Amẹ́ríkà, Japan, Ìṣọ̀kan Yúróòpù àti àwọn mìíràn jọ dúnàádúrà lé lórí ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rù pé yóò sọ iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì di ọlọ́pàá tí ń ṣọ́ oníbàárà rẹ̀. Aráàlú orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo kò lè dá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ dúró. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ tú síta ní Poland àti káàkiri Yúróòpù nínú òtútù ọdún 2012, àwọn ẹgbẹ́ Pirate wà láàrin wọn, wọ́n ń sọ ohun kan náà ní èdè oríṣiríṣi. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún náà, aṣòfin 478 nínú Ilé Aṣòfin Yúróòpù dìbò ta ko àdéhùn náà, 39 péré ló sì fọwọ́ sí i. Ẹ rántí pé aṣòfin méjì ni ẹgbẹ́ Pirate ní nínú ilé yẹn. Ìyẹn ló wú mi lórí jù lọ, pé wọ́n mú kí àwọn ẹgbẹ́ ńlá sọ ọ̀rọ̀ náà di tiwọn.

Òótọ́ ni pé àwọn ẹgbẹ́ Pirate kì í sábà pẹ́ lórí àga. Ní Iceland, wọ́n gba ìjókòó mẹ́wàá ní 2016, ṣùgbọ́n nígbà tó di 2024, wọn kò ní ìjókòó kankan mọ́.

Nítorí náà, n kò ní kí a dá ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín. Òfin orílẹ̀-èdè wa mú un le fún ẹgbẹ́ kékeré, olú iléeṣẹ́ rẹ̀ gan-an gbọ́dọ̀ wà ní Àbújá. Àwọn ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ ni kí a dojú kọ. Ní 2019, Ààrẹ Buhari kọ̀ láti fọwọ́ sí àbádòfin ẹ̀tọ́ àti òmìnira lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ilé aṣòfin méjèèjì ti gbà wọlé. Nígbà tí ìjọba ti Twitter pa láti oṣù kẹfà ọdún 2021 títí di oṣù kìíní ọdún 2022, kóòtù ECOWAS ló wá sọ pé kò bófin mu. Ìbá dùn mọ́ mi bí a bá ti ní òfin tiwa tí a lè gbé dání.

Èkìtì kò kẹ̀rẹ̀ nínú irú nǹkan wọ̀nyí. Ní 2011 ni ìpínlẹ̀ wa ti ṣe òfin tó fún aráàlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé ìjọba, ní 2020 sì ni ó dín owó tí iléeṣẹ́ ń san láti ri wáyà íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù láti 4,500 náírà sí 145 náírà. Ẹni tó ti ṣe ìyẹn lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí olùdíje gómìnà kọ ọ́ sílẹ̀ kí ìbò tó dé: ta ni yóò máa tọ́jú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti àwòrán ojú wa tí iléeṣẹ́ ìjọba ń gbà, ìgbà wo ni wọn yóò pa á rẹ́, kí sì ni ìyà ẹni tó bá tà á? Èmi yóò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá polongo ní àdúgbò wa, mo sì bẹ̀ yín, kí ẹ̀yin náà béèrè.