Láìsẹ́ǹsì ò wọ́n, ilẹ̀ ló wọ́n

Òótọ́ lọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ pé owó ilẹ̀ téèyàn ti lè ṣọdẹ ti wọ́n jù ní Texas, l'Ámẹ́ríkà níbí o. Ọdẹ ni bàbá mi n'Ísẹ́yìn, ìbọn ṣakabùlà kan báyìí, tí wọ́n bá ti de iná mórí lálẹ́ wọ́n ti wọgbó nìyẹn, ta ló fẹ́ bi wọ́n lówó? Níbí, láìsẹ́ǹsì ọdẹ fún ẹni tó ń gbé Texas ò ju dọ́là 25 lọ, ibi tó o ti máa yìnbọn gan-an ni wàhálà, torí bíi 95 nínú 100 ilẹ̀ Texas ló jẹ́ ti aládàáni. Ilẹ̀ témi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi méjì ń sanwó fún ká lè máa ṣọdẹ níbẹ̀, onílẹ̀ fowó lé e lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà tó yá ló ní àwọn dókítà kan ti san gbogbo ẹ̀ pọ̀, ká wá kó àga orí igi tá a fi ń ṣọ́ ẹran kúrò. Àga tá a fọwọ́ ara wa kàn! Ilẹ̀ ìjọba wà lóòótọ́, dọ́là 48 lọ́dún ni ìwé àṣẹ ẹ̀, àmọ́ ẹ débẹ̀ ní Sátidé tí wọ́n bá ṣí àkókò àgbọ̀nrín kẹ́ ẹ rí i, àwọn ọdẹ tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn, kí wọ́n má bàa yìnbọn lu ara wọn, pọ̀ jẹran lọ. Ìyàwó mi ní kí n yáa máa ra ewúrẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, inú ṣì ń bí mi.